Nọ́ńbà Tí Bàbá Jùbrílù Gbàgbé

"Bàbá, nọ́ńbà yín ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́, ló béèrè. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú pálọ̀ Bàbá Jùbrílù ní Ìtòkú, fáìlì wà lórí orúnkún rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Jùbrílù la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ògiri bí ẹni pé ẹnìkan ti bá a kọ ìdáhùn síbẹ̀. Àsíátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ń wo ẹnu bàbá àgbà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Ìyá Aláró, ìyàwó Bàbá, gbé aṣọ dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá sókè, ó gbé omi wá fún àlejò, ó kúnlẹ̀ kí i, ó tún gbé aṣọ náà sókè, ó wọlé padà. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkankan.

Ọ̀ràn náà kò ju báyìí lọ. Nígbà ogun Hítílà, Jùbrílù ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òkun, ó sì bá ara rẹ̀ nínú igbó Bọ́mà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù mẹ́ta láìdáwọ́ dúró, tí ewé sì pọ̀ débi pé ọ̀sán kò yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ó jà níbẹ̀. Ó sin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ ń to orúkọ àwọn tí wọn yóò fún ní àmì ẹ̀yẹ ìràwọ̀ Bọ́mà ní oṣù kẹfà ọdún 1983, ohun tí wọ́n bá nínú àkọsílẹ̀ ni pé Kàdúná ni Jùbrílù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun títí dé òpin, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan omi òkun rí. Akọ̀wé kan ló ṣi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀, bóyá ní ọjọ́ tí oòrùn mú jù.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ṣàlàyé pé àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìwé àwọn tó wọ ọkọ̀ òkun ṣì wà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n fi tò ó, kì í ṣe orúkọ, nítorí àwọn Jùbrílù tó lọ sógun pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè máa tú wò. Bí Bàbá bá ti lè mú nọ́ńbà rẹ̀ wá, oǹkà márùn-ún tí wọ́n kọ lẹ́tà N àti A síwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

"Ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ dé ńkọ́?"

Bàbá ní ikán ti jẹ ẹ́, àti àpótí tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Bàbá kò sọ, nítorí ojú ń tì í, ni pé òun mọ nọ́ńbà náà lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ju bí òun ti mọ ọjọ́ orí ara òun lọ. Ọ̀yẹ́ méjì sẹ́yìn ni àìsàn kan gbé e ṣubú ní mọ́sálásí. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún oṣù kan gbáko. Ọ̀rọ̀ padà wá, ṣùgbọ́n oǹkà kò bá a padà. Bí o bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, yóò dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, pẹ̀lú oríkì wọn, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ iye wọn fún ọ.

Láwàlì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn, ti gbọ́ nípa àkọsílẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ ni òun àti Bàbá, kò sì ní ojú àánú. Láràárọ̀ ni yóò yọ orí láti ẹ̀yìn maṣíìnì rẹ̀.

"Ṣọ́jà Kàdúná, ẹ kú ojúmọ́ o. Reluwé wo lẹ wọ̀ dé Bọ́mà?"

Bàbá a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì wọlé. Àsíátù nìkan ló ń rí i bó ti máa ń ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ògiri, tí kì í jáde mọ́ títí di ọ̀sán. Kì í ṣe irin onígun mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ló ń dùn ún. Ó fẹ́ kí wọ́n gbà pé òun wà níbẹ̀, kí àwọn tó kú lọ́wọ́ òun lè ní ẹni tó rí wọn.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àílà, Bàbá a máa sùn lórí àga onígi rẹ̀. Àlá kan náà ló sì ń lá. Ó wà ní pápá ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú òjò. Sájẹ́ǹtì òyìnbó kan ń pe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń jẹ́ ẹ. Ìpè náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí ọmọ ń ka igi ọgbà, títí yóò fi kan òun. Bí ó bá ti fẹ́ jẹ́, yóò jí.

"Ó tún pè mí lónìí," ni yóò sọ fún Àsíátù, pẹ̀lú ojú tó ṣì wà ní ibòmíràn. "Mẹ́rin ló fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ló fi parí. Àárín ni òjò gbé lọ."

Àsíátù fẹ́ràn ìṣirò bí àwọn ọmọ mìíràn ti fẹ́ràn ẹ̀pà. Ó ya ilé igun mẹ́rin márùn-ún sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó kọ mẹ́rin sí èkínní, ó kọ mẹ́jọ sí ìkẹyìn. Mẹ́ta ṣófo láàárín. Ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kan ló wà láti fi dí wọn, ọ̀kan péré ló sì jẹ́ ti Bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó tú àpótí tí ikán jẹ. Ó yọ fọ́tò Bàbá kúrò nínú férémù, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó lọ bá ìmáàmù, ó lọ bá ọmọ ológun kan ní Láfẹ́nwá tí bàbá rẹ̀ bá Bàbá lọ sógun. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé ló bi. Ìyá Aláró kò mọ̀wé, nítorí náà kò sí lára àwọn tí à ń bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé omi wá, kó sì gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè bó bá ń padà.

Lydia ni Àsíátù fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní ilé ìwé. Lydia jókòó tì í ní kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà ní Ṣàpọ́n, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ti ń lo táípù.

"Ẹgbẹ̀rún kan ló wà, o sì ń sunkún ọ̀kan," ni Lydia wí. "Mú ọ̀kan."

"Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì ńkọ́?"

"Àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ ti lọ sílé wọn. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣebí bàbá rẹ lọ sógun lóòótọ́. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú Àsíátù. Ó rò ó láti ilé ìwé títí dé ilé, ó sì dà bíi pé ó tọ́. Bí ohun tó wà ní ìpẹ̀kun bá jẹ́ òtítọ́, kí ló burú nínú afárá kékeré tí ènìyàn fi kọjá débẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, ó yan mẹ́ta tó wù ú. Ó di 42618. Lydia tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kékeré kan pẹ̀lú orúkọ Bàbá, wọ́n rì í sínú tíì kó lè pọ́n bí ìwé àtijọ́, wọ́n sì sá a sórí fèrèsé títí ó fi gbẹ.

Ó sọ fún Bàbá pé inú ìwé àdúrà kan tó wà lókè àjà lòun ti rí i. Bàbá gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò lè ka oǹkà náà mọ́, ṣùgbọ́n ó wò ó pẹ́, bí ènìyàn ti ń wo ojú ìbátan tó ti pẹ́ tó ti rí.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ìwé lọ sí Ìbàrà, ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé wọn dùn bí ilé tí wọ́n ti ń retí ìyàwó tuntun. Láwàlì gbọ́, ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé okùn ìwọ̀n sọ́rùn, ó sọdá títì, ó sì ní kí Bàbá dìde kí òun wọn èjìká rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ gba ìràwọ̀ kò gbọdọ̀ wọ agbádá tó ti ń ṣá. Kò gba kọ́bọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ya Àsíátù lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé ọwọ́ Bàbá, àlá náà dáwọ́ dúró.

"Wọn kò pè mí mọ́," ni Bàbá wí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo dúró sí pápá náà. Òjò ń rọ̀. Gbogbo wọn ti lọ."

Àsíátù gbé garawa. Ó lọ pọn omi.

Ó tó oṣù méjì kí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé tó padà wá. Ojú rẹ̀ le. Kò gba àga. Ó mú lẹ́tà kan tó wá láti olú iléeṣẹ́ ológun jáde, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ẹni tó ni nọ́ńbà 42618 rì sínú odò kan ní Bọ́mà lọ́dún 1944. Ọmọ ìlú kan ní Òkè Ọya ni. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, kí Bàbá Jùbrílù ṣàlàyé, láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, bí ó ṣe di ẹni tó ń lo nọ́ńbà òkú. Bí kò bá sí àlàyé, wọn yóò pa fáìlì rẹ̀ dé, wọn kì yóò sì ṣí i mọ́.

Bàbá na ọwọ́ gba lẹ́tà náà.

"Kí ni orúkọ ìyá rẹ̀?" ló béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, Àsíátù kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí Lydia dé orí tíì. Ó ń retí pé Bàbá yóò gbé ọ̀pá. Ì bá dára kó gbé ọ̀pá.

"Ẹni tó kọ Kàdúná sí iwájú orúkọ mi," ni Bàbá wí, "irọ́ ló pa mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

Ó dìde, ó wọlé. Láti ọjọ́ tí Àsíátù ti mọ̀wé kà, òun ló ń ka lẹ́tà fún Bàbá, òun ló ń ka ìwé ìròyìn fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò Bàbá ní Ìlọrin. Bàbá mú un, ó kọjá níwájú Àsíátù, ó rọra sọdá títì lọ bá Láwàlì. Àsíátù dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń gbọ́ bí Láwàlì ti ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, tó ń fo ìlà, tó ń padà sẹ́yìn. Ìlà kan wà tó ṣì kà pátápátá. Kò sì lè ké sí i láti ibẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbàrà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé pé òun ni, pé Bàbá kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì, ó fi bébà tó pọ́n náà hàn án. Wọ́n ti fi tádàwà pupa kọ "ayédèrú" sí ara rẹ̀.

"Mi ò lè yọ èyí kúrò níbí mọ́," ló wí. "Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi tìẹ tì í."

Ó fún un ní bébà funfun kan. Àsíátù jókòó, ó kọ ohun tó ṣe sórí rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé tẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì. Ó ní àlàyé lèyí jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà tòótọ́ kò bá dé kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí ohun tí òun lè tún ṣe.

Àsíátù padà sílé, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó tún wo ilé igun mẹ́rin márùn-ún. Mẹ́ta ṣófo síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí wọ́n ṣófo.

Ọjọ́ ń lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé, ọdún Iléyá sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Aláró ní ilé òun kò ní dọ̀tí kọjá ọdún. Ó tú gbogbo aṣọ ilé sílẹ̀, títí kan aṣọ dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ọ̀kan lára àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọ̀nà sí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó sì rẹ sínú aró. Ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ró o, kì í tà á. Nígbà tí àìsàn dé bá Bàbá, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, ló yọ ọ́, tó sì ta á sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ sì fẹ̀, nítorí náà ìhà ni wọ́n fi í kọ́, wọn kò sì tún kà á sí mọ́.

Àsíátù fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń sá aṣọ. Ó tẹ́ ẹ gbalaja, ó fi òkúta sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló gun òkè sí i, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. Oòrùn rọra ń tàn láàárín àwọsánmà. Lọ́nà jíjìn, odò Ògùn ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Páànù ilé tó ti dípẹtà ń gbé ooru sókè, gbogbo ìlú sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú omi. Kò sùn, ṣùgbọ́n kò jí tán. Ó ń wo aṣọ náà bí ènìyàn ti ń wo iná.

Ó mọ àwọn ọ̀nà ara rẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Fún ọdún méjì ló ti ń gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹyẹ kan, lẹ́yìn náà àga tó ṣubú. Àkàbà kan, lẹ́yìn náà ìkọ́ tí wọ́n fi ń ká èso. Ẹja, lẹ́yìn náà ejò tó wé mọ́ra àti òkè méjì tó fara kanra. Ó sì ti máa ń pe èyí tó kẹ́yìn ní ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó so pọ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì wo aṣọ náà láti òkè rí, ní ọ̀nà tí ẹni tó yà á gbà jókòó tì í.

Àga náà dìde. Ó di mẹ́rin.

Àsíátù nà ró. Ó fo ẹyẹ, ó fo àkàbà, ó fo ẹja. Mẹ́rin. Méje. Márùn-ún. Mẹ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó so pọ̀ sì di mẹ́jọ. Níwájú gbogbo wọn, lẹ́tà méjì wà, N àti A. Ìlà kejì tún un sọ, ìlà kẹta tún un sọ, títí dé etí aṣọ, funfun nínú aró dúdú.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ìyá Aláró, tó ń fọ ìkòkò.

"Ìyá, kí lẹ yà sí ara aṣọ ẹnu ọ̀nà?"

"Ọ̀nà lẹ́tà bàbá rẹ ni." Ìyá Aláró kò gbé ojú sókè. "Nígbà tó wà lógun, akọ̀wé kan níbí ló ń bá mi kọ lẹ́tà sí i. Àwọn nǹkan yìí ló máa ń kọ́kọ́ kọ sára àpòòwé. Mo bi í kí ni wọ́n. Ó ní bí wọn ò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà mi ò ní dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, kódà kó ní orúkọ ogún. Ẹ̀rù bà mí pé akọ̀wé náà lè kú. Mo bá yà wọ́n sí ibi tí wọn ò ti ní sọnù."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ? Láti oṣù kẹfà la ti ń wá a."

Ìgbà yìí ni ìyá àgbà wò ó.

"Ìwé lẹ ń wá, àṣé òun náà ni. Aṣọ lèmi mọ̀. Àlejò dé, mo gbé omi wá. Ta ló bi mí?"

Àsíátù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó rí i kedere, bó ti rí oǹkà náà láti orí àpáta. Òun ti bi gbogbo ẹni tó mọ̀wé ní Abẹ́òkúta, òun kò bi ẹni tó mọ Bàbá jù lọ. Àti pé ọjọ́ tí òun fi irọ́ dí ààyè mẹ́ta yẹn ni òun ti dẹ́kun wíwá òtítọ́, nígbà tí òtítọ́ ń kan òun lórí ní gbogbo ìgbà tí òun bá wọ yàrá. Ààyè tó ṣófo kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí òun fi dí i ló ba orúkọ Bàbá jẹ́.

Wọ́n mú Bàbá jáde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí àga rẹ̀ ni, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Láwàlì rí wọn, ó fi maṣíìnì sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Ìyá Aláró wá lẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Wọ́n dúró sí etí aṣọ náà lórí àpáta.

Láwàlì tẹ̀ síwájú, ó múra láti kà. Bàbá na ọ̀pá, ó fi dá a dúró. Ó wá Àsíátù kiri pẹ̀lú ojú títí ó fi rí i.

"Ìwọ," ló wí. "Kà á fún mi."

Àsíátù fi ìka tọ́ka sí ìlà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ jáde, ketekete, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń pe orúkọ.

"N. A. Mẹ́rin. Méje. Márùn-ún. Mẹ́ta. Mẹ́jọ."

Ọ̀pá Bàbá ṣubú, ó yí dànù lórí àpáta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà.

"Sà," ni ó jẹ́.